Òjò Tí Láwàlì Rán

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí orí ṣe í gbóná láìsí ibà lára, kí ó wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Abẹ́òkúta, kí ó sì jẹ́ ọmọ àdúgbò Ìjemọ̀ níbẹ̀. Méjèèjì ló pàdé lórí Láwàlì, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sílẹ̀ ní kékeré, tí Alájà Bùsírátù aláṣọ, ẹ̀gbọ́n ìyá náà, sì tọ́ dàgbà. Iṣẹ́ tí Láwàlì ń ṣe kò ní awo nínú. Ó ń wo bí ooru ti pọ̀ tó, ó ń wo ibi tí atẹ́gùn kọjú sí, ó ń wọn omi òjò tó bá wọ inú agolo kan lórí koríko, ó sì ń gbọ́ lórí aago ohun tí àwọn elégbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Ọ̀ṣòdì rí lójú sánmà tiwọn. Òjò ńlá tó bá ti ìlà-oòrùn gbéra, Ìbàdàn ni yóò kọ́kọ́ kàn kí ó tó kàn wá. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó ti dé Ìbàdàn lè sọ fún ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n ká aṣọ tí wọ́n sá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà? “Ọ́fíìsì òjò” ni gbogbo Ìjemọ̀ ń pe ibẹ̀, ẹni tó bá sì ń gba owó oṣù ní ọ́fíìsì òjò, òun ló ni òjò nìyẹn. Wọ́n ní inú agolo orí koríko yẹn ló ń dé òjò mọ́. Láwàlì á ṣàlàyé títí ẹnu á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Á ní ẹni tó dúró lórí òkè tó rí àlejò lókèèrè, tó ké sí ará ilé pé àlejò ń bọ̀, òun kọ́ ló ránṣẹ́ pe àlejò. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní òótọ́ ló sọ, ọ̀rọ̀ ọmọwé ni. Wọ́n á wá bi í pé ṣé kò lè bá àwọn sọ fún àlejò náà pé àwọn ò sí nílé.

Ká má purọ́ mọ́ wọn, àṣà ló bí i. Kò sí ẹni tí í ṣe ìnáwó ní Ìjemọ̀ láìránṣẹ́ sí ẹni tí í dá òjò dúró. Fájánà ni ti ilé Alájà, àgbẹ̀ kan lọ́nà Ọ̀fàdà. Alájà ti dé Mẹ́kà, bí wàásù bá sì kan òjò, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣe àmín sí i pé Ọlọ́hun nìkan ló ń rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìnáwó rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan, òun náà ni yóò di iṣu àti epo ránṣẹ́ sí Fájánà. Fájánà náà sì mọṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Bí ẹrù bá dé, yóò gbójú sókè wo sánmà, yóò mí kanlẹ̀, yóò ní òjò yìí le, ó ju agbára òun lọ. Ọmọdé ìdílé náà mọ̀ pé ẹ fi kún un ló ń wí. Wọ́n á fi iṣu kún iṣu, agbára Fájánà á sì ká òjò.

Lọ́dún 1984, nígbà tí yìgì Kùdírátù, àbíkẹ́yìn Alájà, kù dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ ń dun Fájánà, kò lè gba iṣẹ́ òjò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láwàlì fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún wọn pé òjò ńlá lè rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má gbára lé àtíbàbà, kí wọ́n wá gbọ̀ngàn. Ìyẹn ni àṣìṣe. Gbogbo ìdílé dà bò ó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ nílé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, àwọn kan gbé adìyẹ lọ bá a ní ibi iṣẹ́. Nígbà tí ó sú u pátápátá, ó ní, “Ó ti tó. Mo ti gbọ́.” Ó sọ ọ́ kí wọ́n lè fi òun sílẹ̀ ni. Wọ́n bá fi í sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n dá gbọ̀ngàn tí wọ́n ti gbà padà fún oní-nǹkan.

Nígbà tí ọjọ́ pé, òjò yà sí Papalanto. Ó rọ̀ níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi rì sínú ẹrẹ̀. Ní Ìjemọ̀, oòrùn ràn dé alẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀, ọ̀gá Láwàlì, fi í ṣe ẹlẹ́yà ní ọ́fíìsì pé òjò rẹ̀ ṣìnà, ojú sì ń ti ọmọkùnrin náà. Kí ó tó délé, itan àgbò ti wà lórí tábìlì rẹ̀, Alájà sì ń ki oríkì rẹ̀ lójúde pé, “Àkànmú, ọmọ tó gbọ́ ti ìyá rẹ̀.” Ọjọ́ tó sọ òótọ́ pọ̀ nínú ayé rẹ̀, wọn ò gbà á gbọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ṣì í ni wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Láti ìgbà náà, ojú Láwàlì rí nǹkan. Ẹni tó fẹ́ da kọnkéré òrùlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ sin òkú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Fájánà fúnra rẹ̀ tiro wá sí ọ́fíìsì. Ó jókòó, ó wo agolo orí koríko dáadáa, ó kan sáárá sí i. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé òun kò bá ọmọ jà, ìlú gba gbogbo wọn, kí Láwàlì máa dá ti Abẹ́òkúta dúró, kí ó ṣáà fi ti ọ̀nà Ọ̀fàdà sílẹ̀ fún òun.

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣe é rẹ́rìn-ín sí. Èyí tí kò ṣe é rẹ́rìn-ín sí ni pé láti ọjọ́ yìgì yẹn, kò sí ẹni tó bẹ̀rù òjò mọ́ nílé Alájà. Tẹ́lẹ̀, bí sánmà bá ṣú, wọ́n á sáré gbé ẹní, wọ́n á sáré gbé ìkòkò. Ní báyìí, bí Láwàlì bá kìlọ̀, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á fún un ní nǹkan, wọ́n á sì padà lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn agboolé náà kángun sí odò Ṣókorí gan-an. Yàrá ẹ̀yìn ni Alájà ń kó aṣọ ọjà rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ló ń sùn. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, sìmẹ́ńtì fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú. Lọ́dún 1985, Kùdírátù bímọ, ó sì wá tọ́jú ara lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, òun àti ìkókó, nínú yàrá kan náà.

Odò náà kò sì ní ibi tí yóò gbà mọ́. Ayé sójà ni, àwọn wolé-wolé ń ya ilé kiri, ẹni tí wọ́n bá bá ìdọ̀tí lójúde rẹ̀ ti wọ gàù. Kí ni àwọn ará Ìjemọ̀ wá ṣe? Ní ìdájí, kí ojú tó mọ́, wọ́n á ru ìdọ̀tí wọn, wọ́n á dà á sí Ṣókorí. Ojúde mọ́ tónítóní, wolé-wolé yìn wọ́n, odò di ààtàn. Láwàlì bá wọn sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní bí òun náà bá ti lè bá àwọn mú òjò mọ níwọ̀n, kí ni odò fẹ́ fi àyè ṣe.

Nínú ààwẹ̀ ọdún náà, òjò ti rọ̀ léraléra, ilẹ̀ ti mu omi yó. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, aago dún láti Ìbàdàn. Ariwo ni ẹni tó wà lọ́hùn-ún fi ń sọ̀rọ̀, nítorí ìró òjò lórí páànù kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó ní ìjì ti ká òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan lọ, omi ti gba ojú títì, ẹ̀yin ló sì kàn. Láwàlì kọ ìkìlọ̀, ó kà á fún àwọn ará ilé-iṣẹ́ rédíò lórí aago. Wọ́n ní àwọn á kà á síta bí iná bá dé. Ọ̀gbẹ́ni Ọládipọ̀ wo ojú rẹ̀, kò fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí ó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Láwàlì gun alùpùpù rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ fún ààwẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì sí níbì kan ju yàrá ẹ̀yìn yẹn lọ.

Ó bá Alájà nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé, ó ń se ọbẹ̀ ìṣínu. Kí ó tó kí i tán, Alájà ti rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ti rí i bí apá òkè ṣe ń dúdú, òun sì mọ̀ pé yóò wá. Ó nawọ́ sí àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni, òun ti dì í dè é láti àárọ̀.

Láwàlì ní kì í ṣe ti ìrẹsì. Ó ní òjò tó ń bọ̀ ti ba nǹkan jẹ́ ní Ìbàdàn, àtipé kí wọ́n tó ṣínu yóò ti dé. Ó ní odò ti dí, omi kò ní ríbi gbà àfi inú ilé, kí wọ́n kó ọmọ àti ẹrù kúrò lẹ́yìn ilé, kí wọ́n gòkè lọ sílé Bàbá Ṣéhù, olórí ẹbí, tí ilé tirẹ̀ wà lórí àpáta. Alájà gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń gbọ́ àlá ọmọdé.

“Àkànmú mi, mo ti gbọ́,” ó ní. “Rán an sí Papalanto bíi ti èṣí. Ilé sìmẹ́ńtì ló pọ̀ lápá ibẹ̀, kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.”

Àwọn obìnrin ilé tó wà nítòsí ṣe àmín. Láwàlì fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. Ó ní kò sí ẹni tí í rán òjò. Ó ní òun kò rán ti èṣí, òun ṣì í ni. Ó ní bí gbogbo ọ́fíìsì àwọn bá dìde dúró, wọn ò lè yí ẹ̀kán òjò kan padà. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ní, “Ìyá mi, òjò yìí ju agbára mi lọ.”

Ó ti sọ ọ́ tán kí ó tó rántí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà. Alájà ti ṣẹ́jú sí Kùdírátù. Kùdírátù pọn ọmọ dáadáa, ó wọlé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan jáde, ó gbé e ti àpò ìrẹsì.

Inú bí Láwàlì débi pé omi lé sí i lójú. Bí ó bá ní òjò náà kéré, wọ́n á dúró. Bí ó bá ní ó pọ̀, ìdúnàádúrà ni, wọ́n á fi epo kún un, wọ́n á sì dúró síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó fi ìyá rẹ̀ tó ti kú bẹ̀ wọ́n. Wọ́n sáré gbé e dìde, wọ́n ní èèwọ̀, àwọn ló yẹ kí àwọn máa bẹ̀ ẹ́. Alájà ní ebi ààwẹ̀ ló ń mú un kanra, kí ó jókòó, ọbẹ̀ fẹ́ jinná. Ó sì bu iyọ̀ sí ìkòkò.

Àrá kan kù lókèèrè, ó pẹ́ kí ó tó dákẹ́. Láwàlì wo orí ìkókó tó yọ lẹ́yìn Kùdírátù, ó wo ògiri amọ̀, ó wo odò tó ti dúró bí ọbẹ̀ láàárín ìdọ̀tí. Kò ro ohun tó sọ tẹ́lẹ̀. Ìbínú ló sọ ọ́.

“Èmi ni mo rán an.”

Ọwọ́ Alájà dúró lórí ìkòkò.

“Èmi ni mo rán òjò tó ń bọ̀ yẹn. Ilé yìí ni mo rán an sí, yàrá ẹ̀yìn yín yìí gan-an. Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, kò sí ẹrù tí ẹ lè dì tí yóò dá a padà.”

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Alájà rọra bi í pé kí ni òun fi ṣe é. Láwàlì kò rò ó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ní òun bínú gbọ́dọ̀ ní ohun tó bí i nínú. Ó la ẹnu pé kí òun wá irọ́ kan pa, ohun tó jáde kì í sì í ṣe irọ́.

“Sányán ìyá mi,” ó ní. “Èyí tí ẹ ní ẹ ó bá mi tọ́jú. Ẹ fún Kùdírátù lọ́jọ́ yìgì rẹ̀, ẹ ò bi mí.”

Òun alára kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níkùn òun. Ó rí aṣọ náà lára Kùdírátù lọ́jọ́ yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹun, ó sì rò pé ó ti tán. Ojú Alájà yí padà bí ẹni tí ọmọ gbá létí. Ó dìde nídìí ààrò, kò pa iná, kò sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Ó kàn sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n kó jáde.

Ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe, ẹ̀rù ṣe é. Kíá ni ìròyìn náà rìn dé àwọn ilé tó kángun sí odò pé Láwàlì ti rán òjò sí ìyá rẹ̀. Àwọn tí kò jẹ́ gbọ́ ìkìlọ̀ láyé wọn ń ru àpótí, wọ́n ń fa àgbà lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣépè fún un bí wọ́n ti ń gòkè. Láwàlì bá wọn ru ẹrù aṣọ títí ọrùn rẹ̀ fi fẹ́ ṣẹ́. Nígbà tó nawọ́ pé kí òun bá Kùdírátù gbé ọmọ kọjá ojú àpáta tó ń yọ̀, Kùdírátù fa ọmọ náà mọ́ra, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá.

Òjò náà dé kí wọ́n tó pe ìrun. Ìjì ló ṣáájú, lẹ́yìn náà omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà láìmí. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ṣéhù ni wọ́n ti rí Ṣókorí tó gbéra nílẹ̀, tó ń ru gbogbo ìdọ̀tí tí wọ́n ti fi fún un padà wá sílé wọn: agolo, àpò, ẹní, àga tó ti kán. Nígbà tó ṣe, ògiri yàrá ẹ̀yìn fì, ó sì wó sínú omi pẹ̀lú òrùlé rẹ̀. Ààrò lọ, ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Omi lásán ni gbogbo wọn fi ṣínu. Kò sí ẹni tó kú ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ odò náà, kò sì sí ẹni tó bá Láwàlì sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ni Bàbá Ṣéhù pe ẹbí jọ. Wọ́n bi Láwàlì pé ọmọ wo ló ń rán omi sí ẹni tó fi omi wẹ̀ ẹ́ dàgbà. Láwàlì sọ òótọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní òun kò rán òjò kankan, òun purọ́ kí wọ́n lè jáde ni. Bàbá Ṣéhù bi í pé bí kì í bá ṣe òun ló rán an, báwo ló ṣe mọ̀ pé yàrá ẹ̀yìn ni yóò wó. Láwàlì ní odò ló dí. Ó ní àwọn ará Ìbàdàn ló tẹ òun láago. Bàbá Ṣéhù yíjú sí àwọn àgbà yòókù, ó ní ẹ ò rí i, Ìbàdàn náà wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ tí wọ́n jọ ṣe é.

Láwàlì rí i pé bí òun bá ń sọ ọ́ di ọ̀la, ẹ̀sùn náà á kàn máa gbòòrò dé Ọ̀ṣòdì ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ ìdáríjì fún òjò tí kò rán.

Alájà ní òun ti dárí jì í. Ó tú ìdì kan lórí itan rẹ̀. Sányán náà ni, ó ti gbà á lọ́wọ́ Kùdírátù, ó ti sá a, ó ti ká a dáadáa.

“Gbà,” ó ní. “Kò sí ohun tìrẹ lọ́wọ́ mi mọ́, Láwàlì. Bí inú bá tún bí ọ sí mi, tètè wá sọ, kí n lè ráyè kó ẹrù.”

Láwàlì gba aṣọ náà. Ó retí kí Alájà pè é ní Àkànmú títí ìpàdé fi tú, kò pè é bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún yàrá ẹ̀yìn náà kọ́, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà sì ni, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Wọ́n tún ń da ìdọ̀tí sódò. Ní òjò ọdún tó tẹ̀lé e, sánmà ṣú lápá òkè, aago dún láti Ìbàdàn, Láwàlì sì tún gun alùpùpù rẹ̀. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó ń wá ohun tí Alájà fi ṣe òun, kò rí i. Sányán ti wà nínú àpótí rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn, Alájà ló wá sùn tì í. Nígbà ọdún, ẹran tó fi ránṣẹ́ sí òun ló tóbi jù nínú ti gbogbo ọmọ.

Alájà jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù, ó wo ojú rẹ̀, kò dúró gbọ́ ìkíni. Ó dìde, ó wọlé, Láwàlì sì gbọ́ tó ń fa àpótí aṣọ lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tó jáde, ó ti fi ọ̀já gba ìdí.

“Kí ni mo tún fi ṣe ọ́, Láwàlì?”

Bí ó bá ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, yóò padà jókòó. Láwàlì lejú koko. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí àkọ́kọ́ lé orí.